Ìlà Kẹta

Dúrótìmí ń fi iná kún un díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára mítà. Lésà tó ń wọ̀n, ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀, kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Bátìrì mọ́tò ló ń fún un níná. Abẹ́rẹ́ mítà dùbúlẹ̀. Ó tún fi díẹ̀ kún un. Lójijì abẹ́rẹ́ náà fò sókè. Ibẹ̀ ni lésà ti jí. Ó fa ìlà rẹ̀ sórí pépà.

Ó ti fa ti òwúrọ̀, nígbà tí ọyẹ́ mú. Èyí ni ti ọ̀sán. Bí ara lésà bá ṣe gbóná tó ni yóò ṣe béèrè iná tó kí ó tó jí. Ó ku ìlà kẹta, ti ooru gidi, tí yóò fi áyọ́ọ̀nù eléèédú wọ̀n. Láìsí ìlà mẹ́ta, yunifásítì kò ní fún un ní oyè kejì, ọ̀sẹ̀ yẹn sì ni òpin. Ọdún 1985 ni. Àwọn lésà yòókù ti kú. Èyí nìkan ló kù, kò sì sí ibi tí yóò ti ra òmíràn, ní Ìkẹ́nnẹ́ tó ti ń ṣe olùkọ́ tàbí ní Èkó.

Wáyà kan wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó so mọ́ páìpù omi. Ẹni tó bá ti bọ́ ẹ̀wù teriléènì lásìkò ọyẹ́ rí mọ bí iná ṣe ń ta lára rẹ̀. Iná kékeré yẹn kì í pa ènìyàn. Ó ń pa lésà. Wáyà ló ń gbé e wọ ilẹ̀.

Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣí. Bàbá Ọláníyọnu ni, bàbá Morónkẹ́ tí Dúrótìmí fẹ́ gbé níyàwó.

"Àna mi! Ta ló so ọ́ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́?"

Wáyà náà kúrú. Dúrótìmí tú u, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ káàsán, sà."

"Dìde, dìde. Mo ní kí n wá wo iṣẹ́ tí Morónkẹ́ ń ròyìn. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún dà?"

"Ojú kì í rí i, sà."

"Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí! Ta wá ló ń rí i?"

"Mítà ni, sà. Ẹ jókòó, ẹ óò rí bí abẹ́rẹ́ ṣe máa fò."

Ó fẹ́ kí bàbá rí i. Ó gbé irin pẹlẹbẹ lé áyọ́ọ̀nù tó ti gbóná, ó nawọ́ mú lésà. Ṣòkòtò teriléènì ló wọ̀. Nǹkan ta pá ní orí ìka rẹ̀.

Ó wo wáyà nílẹ̀.

Ó gbé lésà ka irin, ó fún un níná, ó ń fi kún un. Abẹ́rẹ́ náà gbéra díẹ̀. Ó fi kún un títí.

"Kò tíì fò," Bàbá wí.

"Kò ní fò mọ́, sà. Ó ti bàjẹ́."

"Háà! Àbí ẹsẹ̀ mi ni ò dáa?"

Dúrótìmí pa bátìrì.

"Ọyẹ́ ni, sà."

"Ọyẹ́ ọdún yìí! Wo ètè mi bó ṣe là."

Yunifásítì kò gba ìlà méjì. Dúrótìmí ń bá iṣẹ́ olùkọ́ tó ń ṣe lọ. Ó gbé Morónkẹ́ níyàwó lẹ́yìn Àjíǹde, bàbá ìyàwó rẹ̀ kò sì gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ọyẹ́ lọ, kò gbọ́ ti wáyà. Lésà náà wà nínú agolo mílíìkì. Bí a bá fún un níná, abẹ́rẹ́ mítà ṣì ń gbéra díẹ̀.