Òkè Ò Ní Sá Lọ

Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè Parsons rí, kò ní bi mí pé kí ló rẹ Noeline. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sá máratọ́ọ̀nù wa ní Tasmania níbí, eré tó ń gun òkè mẹ́ta láàárín oko ápù. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mọ́tò akólẹ́yìn kọjá lára rẹ̀ lórí Parsons, òkè ìkẹyìn. Ẹni tí mọ́tò yẹn bá ti kọjá, inú rẹ̀ ló máa wọ̀, eré tirẹ̀ parí nìyẹn, nítorí wọ́n fẹ́ ṣí títì fáwọn ọlọ́kọ̀. Lọ́dún yìí, dókítà wo orúnkún rẹ̀, ó ní kó sá èyí tán, kó wá jókòó. Àsẹ̀yìnwá àsẹ̀yìnbọ̀, èyí ló kù.

Rhonda àbúrò rẹ̀ ló bá a sá a. Àdéhùn wọn ni pé orin ni aago wọn lórí òkè. Bí orin bá ń já geere, kí wọ́n sá. Bí ohùn bá já, kí wọ́n rìn. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìṣísẹ̀ kéékèèké.

Wọ́n kọ ọ́ gun òkè àkọ́kọ́:

Rọra, ẹsẹ̀ mi, rọra,
Òkè ò ní sá lọ,
Ibi tó wà lánàá ló wà.

Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, Darryl aládùúgbò wọn fò kọjá bí òkò.

“Màmá Noeline, ṣé ibi ìsìnkú lẹ ń lọ ni? Ọ̀fẹ́ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ gbà á!”

“Máa lọ, ọmọ mi. A ó bá ọ níwájú.”

Ẹsẹ̀ Rhonda ń yún un. “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ohun tá a bá jèrè níbí, a ó fi gun Parsons.”

“Ohun témi náà wí léṣìí nìyẹn. Inú mọ́tò ta ni mo ti sùn?”

Rhonda dín ìṣísẹ̀ rẹ̀ kù.

Òkè kejì gbọn ara wọn gbẹ. Atẹ́gùn odò ń gún wọn létí, súìtì rírọ̀ tí wọ́n ṣe bí ejò, tí wọ́n ń pín fáwọn sárésáré lójú ọ̀nà, dà bí rọ́bà lẹ́nu. Kíkùn sínú ló kù nínú orin. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rí Darryl tó di ọgbà oko mú, tó kọjú sókè, tó ń fẹ̀yìn rìn sọ̀ kalẹ̀, itan rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì.

“Darryl, ṣé ilé lò ń padà sí ni?”

“Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀, Màmá. Bí mo bá kọjú síwájú, itan mi á fọ́.”

Noeline fún un ní súìtì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjá.

Ní ẹsẹ̀ Parsons, mọ́tò dé bá wọn. Kev ló ń wà á. Darryl ti jókòó sẹ́yìn mọ́tò, táwẹ̀lì lórí itan. Kev ṣílẹ̀kùn bó ṣe máa ń ṣí i.

“Noeline, ìjókòó rẹ rèé o. Mò ń dúró díẹ̀ níbí, àmọ́ bí aago bá pé, mò ń gòkè. Kì í ṣe èmi ló ń wa mọ́tò yìí, aago ni.”

Noeline wo ìjókòó náà. Ó rọ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ dé inú eegun.

“Ẹ sáré, Àǹtí!”

Ó la ẹnu láti kọrin. Ọ̀rọ̀ kejì, ohùn já.

“A ó rìn.”

“Pẹ̀lú mọ́tò nídìí wa?”

“Orin ti já, Rhonda. Bí mo bá sáré báyìí, ìdajì òkè ni màá jókòó sí.”

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́tò padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọwọ́ lórí itan, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Ibi tí mọ́tò ti kọjá lára rẹ̀ léṣìí, ó wo ibẹ̀ bí ẹni ń wo sàréè, ó kọjá. Ìgbà tí wọ́n dé orí òkè, ẹ́ńjìnnì ń ké nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n itan tí kò náwó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́ ṣì ní nǹkan lápò.

“Ní báyìí, tú u sílẹ̀,” Noeline wí.

Wọ́n sá. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ká tábìlì níbi ìparí eré nígbà tí àwọn méjèèjì wọlé, mọ́tò sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Darryl yọ orí lójú fèrèsé, ó ń fi ohùn kíkẹ̀ kọ “Òkè ò ní sá lọ.”

“Àǹtí, ẹ gbè é!”

“Àbúrò mi,” ni Noeline wí, “kọ́kọ́ bá mi gbé ẹsẹ̀ yìí gun etí títì ná.”