Irọ́ tí Kazuho Pa Mọ́ Bàbá Rẹ̀

Àwọn ọmọbìnrin ilé ọtí ni wọ́n ń ṣe ìwé ìròyìn Kurochō fún, àwọn tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n jókòó ti ọkùnrin, kí wọ́n bu ọtí fún un, kí wọ́n sì máa rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ tí kò pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Aṣọ ló kún inú rẹ̀, àti irun tí wọ́n kó jọ gegele bí òkìtì ọ̀gán. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kan wà lẹ́yìn tí wọ́n pè ní “Ọgbẹ́ Mi”, níbi tí ọmọbìnrin kan ti ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí láyé. Òun ni gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Kazuho jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ilé ọtí kan ní ìlú Kanazawa ló ti ń ṣiṣẹ́, Rino sì ni orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí Kurochō ránṣẹ́ pè é, ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ló wọ̀ lọ sí Tokyo. Wọ́n fi wákàtí mẹ́ta ṣe irun rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, lẹ́yìn náà ni Sugimori, obìnrin tó ń kọ “Ọgbẹ́ Mi”, jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú bírò.

“Rino, kí lojú ẹ ti rí?”

“Ìyá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mà. Bàbá mi ló tọ́ mi.”

“Ìyá kú, ìyá kú! Ta ni ìyá ẹ̀ ò kú níbí? Bàbá ńkọ́? Ṣé kì í mutí ni?”

“Ẹja ló ń tà, mà, ní Himi, ìlú wa.”

Sugimori fi ìdérí bo bírò rẹ̀. “Ọmọbìnrin ìlú Sendai kan wà níta. Ojú ìyẹn rí nǹkan gidi.”

Kazuho wo ara rẹ̀ nínú dígí. Kò tíì rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

“Ó máa ń nà mí,” ló ní.

Bí irọ́ àkọ́kọ́ ṣe jáde, ìyókù wọ́ tẹ̀lé e: okùn tí wọ́n fi ń so ẹja ló fi ń nà án, a sì máa tì í mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nínú yìnyín. Ó sunkún tòótọ́. Sugimori fún un ní aṣọ ìnujú.

Ìwé jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dì mọ́ ọn. Ó fọkàn balẹ̀, ó ní Rino ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn lè pa orúkọ dà, ojú ńkọ́? Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Fusae, àbúrò bàbá rẹ̀, fi pè é lórí fóònù.

“Kazuho! Ẹ̀gbọ́n mi tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ dirun fún ẹ lọ sílé ìwé, òun lo ní ó nà ẹ́? Àwọn èèyàn ò rajà lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ o!”

Ọjọ́ náà gan-an ló délé. Eisaku, bàbá rẹ̀, ò bá a wí. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ló gbé fún un. Nígbà tó jẹun tán, ó dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ foríjì mí.”

“Láti ìjẹta ni mo ti ń rò ó,” ni bàbá náà wí. “Mo ní bóyá mo nà ẹ́ rí, tí mo wá gbàgbé ni. Ṣé mo nà ẹ́ rí?”

“Ẹ ò nà mí rí.”

“O ṣé,” ló wí, bí ẹni tí wọ́n bu omi fún nínú òùngbẹ. Kazuho ìbá yàn kó fọ́ òun létí.

Ó pe Sugimori kó bá òun tún un kọ. “Tún kí ni kọ? Ṣé ẹnu mi ló ti jáde ni?” Sugimori pa fóònù.

Ni Kazuho bá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ pé irọ́ lòun pa. Ìyá àgbà Nozue, tí ilé wọn jọ fara kanra, di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ọmọ mi, òun ló rán ẹ wá, àbí? Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá nà ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.” Bó ṣe ń búra tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń káàánú rẹ̀ tó.

Ó fi ilé ọtí sílẹ̀, ó dúró nídìí àtẹ ẹja. Àánú rẹ̀ mú kí wọ́n padà wá rajà. Yàrá ẹ̀yìn ni Eisaku ti ń gé ẹja, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i, ọdún méjì gbáko, títí àìsàn àyà fi mú un lọ.

Èèyàn méje ló wá síbi ìsìnkú. Nígbà tí wọ́n ń tú ká, Nozue gbá Kazuho mọ́ra, ó sì sọ sí i létí pé:

“Ó tán o, ọmọ mi. Wàá lè sinmi wàyí.”