Fíríìjì Lindsay àti Ìjókòó Keje

Lindsay Pascoe fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó jókòó síwájú ilé mi, ó gbé fíríìjì ọkọ̀ rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó mú ajá rẹ̀ wá kí ènìyàn, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìrẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Thora, ìyá ìyàwó rẹ̀, sọ tirẹ̀ fún mi lórí fóònù láti ọ̀nà jíjìn. Níbi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò bá ti bára mu, ti Thora ni mo kọ sílẹ̀, nítorí Thora kì í bu iyọ̀ sọ́rọ̀.

Ní Burrawee níbí, ẹni tó bá ti bí ọmọ mẹ́ta yóò ra jíìpù ńlá lọ́jọ́ kan, yóò so ilé onítáyà mọ́ ọn lẹ́yìn, yóò sì forí lé ìhà àríwá níbi tí ooru wà. Bí kò bá lọ, níbi tí àwọn ará àdúgbò bá ti péjọ yan sọ́séèjì ni wọn yóò ti máa bi í pé kí ló dé. Lindsay ti pinnu pé òtútù ọdún yìí kò ní bá òun nílé. Òun, Glenys ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta yóò lọ, wọn yóò sì pẹ́ kí wọ́n tó padà.

Thora ló kù. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, yàrá ẹ̀yìn ilé wọn ló ń gbé, kò sì sí ẹni tí wọn yóò fi í sílẹ̀ fún. Bí àyè bá wà fún un nínú ọkọ̀, yóò bá wọn lọ. Bí kò bá sí, ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní etíkun ti fi bẹ́ẹ̀dì pamọ́ dè é, ẹni tó bá sì wọ irú ibẹ̀ kì í sábà padà wá sí yàrá ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Thora ti lọ wo ibẹ̀. Ó ní wọ́n ń pe òun ní "olólùfẹ́", wọ́n sì gé ẹran fún òun nígbà tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ òun.

Ìdí nìyẹn tí Lindsay fi ń wá ọkọ̀ oníjòókòó méje. Ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n. Fíríìjì ni ẹni keje.

Kì í ṣe fíríìjì ilé. Irú èyí tí wọ́n ń gbé sínú ọkọ̀ ni, ó rí bí àpótí irin, òkè ni ìdérí rẹ̀ ń ṣí sí, ó ń gba bíà, ẹran, wàrà àti bọ́tà. Lindsay ti ni ín kí ó tó bímọ. Bí o bá sọ fún un pé ṣebí fíríìjì wà nínú ilé onítáyà, yóò wò ọ́ bí ẹni tí kò rìnrìn àjò rí. Ó ní ọkùnrin kò lè máa sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ó máa rìn lọ sẹ́yìn nítorí ohun tútù. Ilé onítáyà tí mò ń wí yìí, ìdí ọkọ̀ ni wọ́n so ó mọ́.

Jíìpù méjì ló dúró fún un láti yàn, funfun kan àti aláwọ̀ ewé kan. Àwọn tó ń tà wọ́n dojú kọra lójú pópó kan náà. Ará Burrawee kì í dédé yan ọkọ̀, ó ń jogún rẹ̀ ni. Jíìpù funfun ni bàbá Lindsay ń wà, funfun ni bàbá bàbá rẹ̀ wà títí wọ́n fi gbé e lọ sí itẹ́ òkú, funfun náà ni wọ́n sì fi gbé e lọ.

Nínú jíìpù funfun, ìjókòó gígùn kan ṣoṣo fún ènìyàn méjì ló wà lẹ́yìn pátápátá. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lulẹ̀, odindi rẹ̀ ló máa lọ sílẹ̀, fíríìjì á sì wọlé síbẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n Thora kò ní níbi jókòó mọ́. Nínú aláwọ̀ ewé, ìjókòó ẹ̀yìn méjèèjì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. O lè tẹ ọ̀kan lulẹ̀ kí Thora jókòó sórí èkejì. Lindsay gbé fíríìjì síbẹ̀, ó ku ìka méjì kí ó wọlé, nítorí ibi tí táyà yọ sínú ọkọ̀. Ó yí i sí ìhà gbogbo. Ó tú ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e kúrò lára rẹ̀. Níkẹyìn ó bi Darcy, ọkùnrin tó ń ta aláwọ̀ ewé, bóyá àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà lè sún táyà sẹ́yìn díẹ̀. Darcy ní òun yóò bá a béèrè.

Darcy kan náà ló dá a lábàá pé kí wọ́n gbé fíríìjì jókòó sórí ìjókòó bí ènìyàn. Wọ́n gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Thora. Ọkọ̀ rò pé ènìyàn ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún pín-ín, pín-ín, kò sì dákẹ́ títí wọ́n fi de bẹ́líìtì mọ́ fíríìjì láyà. Àwọn méjèèjì wá jókòó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wo iwájú. Ṣùgbọ́n òrùlé kò ga tó, ìdérí kò lè ṣí. Lindsay ní fíríìjì tí kò ṣeé ṣí, àpótí aṣọ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí: ẹni tó bá ra funfun, fíríìjì ló mú. Ẹni tó bá ra aláwọ̀ ewé, Thora ló mú. Lindsay kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ṣe ojúsàájú. Ó ní òun yóò yá ọkọ̀ méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò gba ọ̀nà kan náà lọ sí ibú omi Tarpin, Thora nínú aláwọ̀ ewé, fíríìjì nínú funfun, kí òun lè mọ èyí tó rọrùn.

Thora ń bó ọ̀dùnkún lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́. Kò gbójú sókè.

"Lindsay, ṣé èmi àti fíríìjì la jọ ń ṣe ìdánwò ni?"

"Rárá o, Màmá. Ọkọ̀ là ń yẹ̀ wò."

"Ta ló wà níwájú?"

Lindsay ronú sí i, nítorí kì í purọ́. "Ẹ jọ ń lọ ni," ó wí.

Glenys sọ fún un lẹ́yìn ilé pé kí ó rántí pé ìyá òun ni ìyẹn. Lindsay ní òun rántí, òun kò tíì sọ pé kì í ṣe ìyá rẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé Thora lọ. Ní tòótọ́, kò ṣe dáadáa. Ó ní kí wọ́n dúró kí òun lọ tọ̀, nígbà tí wọ́n sì rìn díẹ̀, ó tún ní kí wọ́n dúró. Ó ní afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí orúnkún òun. Ó ní etí àwọn ènìyàn nìkan ni òun ń rí láti ẹ̀yìn, pé ti Lindsay kò dọ́gba. Nígbà tí wọ́n padà dé, gbogbo ilé rí bí ojú Lindsay ṣe rí. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn Thora bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn aṣọ òtútù rẹ̀ sínú báàgì kékeré. Ó sọ fún mi pé òun kò sunkún. Ó ní ńṣe ni òun kàn ń wò ó pé báàgì wo ni ènìyàn ń gbé lọ sí ibi tí kò ti ní padà.

Ní Sátidé ó kan fíríìjì. Láti àárọ̀ ni Lindsay ti kó bíà àti ẹran sínú rẹ̀, tó so ó mọ́ iná ọkọ̀ funfun nínú àgbàlá kí ó lè tutù. Thora gba ibẹ̀ kọjá, ó gbọ́ bó ṣe ń kùn, ó ní nǹkan yìí ń jẹun o. Lindsay fèsì pé fíríìjì kì í jẹun, oúnjẹ ló ń tọ́jú. Wọ́n sì lọ, òun, Glenys àti àwọn ọmọ, wọ́n fi ìyá sílẹ̀ nílé.

Lindsay ní òun kò rí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ rí. Fíríìjì kò sọ̀rọ̀. Kò bínú sí afẹ́fẹ́. Kò béèrè ibi tí wọ́n ti ń tọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Tarpin, ó pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n tẹ́ aṣọ sábẹ́ igi, àwọn ọmọ wọ inú omi, òun sì ń dìde lọ mú bíà, ó ń padà, ó tún ń dìde. Ó ní tútù rẹ̀ dùn mọ́ òun lẹ́yìn eyín. Wọ́n wà níbẹ̀ títí òòrùn fi kúrò lórí wọn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Lindsay tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ta. Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò wúkọ́ mọ́. Iná iwájú rẹ̀ di bàìbàì. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ọkọ̀ o. Ọkọ̀ yòówù tí fíríìjì bá ti ń fa iná bátìrì rẹ̀ látàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe. Fóònù kò gbé nǹkan kan ní Tarpin. Àwọn odídẹrẹ́ funfun wà lórí igi, wọ́n ń pariwo mọ́ wọn. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọkọ̀ náà, ohun kan ṣoṣo ló ṣì ń mí: fíríìjì, tó ń fa ìwọ̀nba iná tó kù.

Glenys ní kí ó yọ ọ́ kúrò lára iná. Lindsay ní ẹran wà nínú rẹ̀.

Nígbà yẹn ni fóònù dún nílé. Obìnrin kan láti ilé arúgbó ló pe Thora. Ó ní ẹlòmíràn ti ń fẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, kí olólùfẹ́ jọ̀ọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí aago márùn-ún tó lù. Thora ní òun yóò pè é padà. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ Thora kéré, ó sì ti gbó. Ìkòkò ni Lindsay ń pè é. Agbára bátìrì rẹ̀ ti tán tipẹ́, nítorí náà orí ìdagẹ̀rẹ̀ ló máa ń gbé e sí kí ó lè yí wálẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì sì ta, wáyà tí wọ́n fi ń gba iná láti ara ọkọ̀ kan sí òmíràn kì í sì í kúrò nínú búùtù. Lindsay ti fi wáyà yẹn ṣe é yẹ̀yẹ́ níwájú gbogbo àdúgbò. Ó ti bi í rí bóyá okùn tí wọ́n fi ń fa màlúù ni.

Àwọn tó wà ní Tarpin rí eruku Thora lókèèrè kí wọ́n tó rí ọkọ̀ náà. Ó gbé e dúró lórí òkè kékeré kan lẹ́bàá ibú omi, kò pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó di báàgì ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màmá, Ọlọ́run ló rán yín," Lindsay wí.

"Obìnrin ilé arúgbó ló rán mi. Ó fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lónìí. Mo wá gba èsì."

Lindsay ní kí wọ́n kọ́kọ́ ta iná sí ọkọ̀ ná. Thora bi í pé kí ló pa á. Lindsay wo omi. Glenys wo ọkọ rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wọn, Elsie, tí omi ń ro lára rẹ̀, ló dáhùn: "Fíríìjì ni, Màmá Àgbà. Ó jẹ gbogbo iná tán."

Thora rìn lọ sẹ́yìn jíìpù funfun, ó ṣí ìdérí, ó mú bíà kan, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní ó mà tutù o. Ó ṣí i, ó mu díẹ̀.

"Lindsay, mo máa ń tọ̀ lójú ọ̀nà," ó wí. "Orúnkún ń dùn mí, mo sì máa ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ bátìrì ẹnikẹ́ni rí."

Lindsay sọ fún mi pé òun wo fíríìjì, òun sì wo Màmá. Ó ní òun ń wá ohun tí òun máa fi gbe fíríìjì lẹ́sẹ̀, òun kò rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa wáyà fíríìjì yọ kúrò lára iná. Kíkùn náà dáwọ́ dúró. Ó ní, "Màmá, ẹ ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀dì yẹn."

Thora kò dúpẹ́. Ó ní fóònù kò ṣiṣẹ́ níbí, aago sì ń lọ.

Wọ́n sún ìkòkò mọ́ jíìpù, wọ́n so wáyà, jíìpù ńlá sì gba iná lára ọkọ̀ tó kéré tó ọmọ rẹ̀, ó ta. Bí wọ́n ṣe ń tú wáyà báyìí, ìkòkò kú. Gbogbo wọn tì í padà sórí òkè, Thora jókòó sídìí ìwakọ̀, ó tú bíréèkì, ó yí wálẹ̀, ó ta, ó sì ń bá a lọ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Òun ló kọ́kọ́ délé. Ó pe obìnrin náà, ó sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì gbé ọ̀dùnkún kaná.

Ní Mọ́ńdè, Lindsay dá jíìpù funfun padà, ó sì sọdá sí ọ̀dọ̀ Darcy lójú gbogbo ènìyàn. Níbi tí wọ́n ti ń yan sọ́séèjì, wọ́n ní bàbá rẹ̀ á ti yíra padà nínú ibojì. Ẹnì kan bi í bóyá wọ́n ti rì í bọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Ó wọ jíìpù aláwọ̀ ewé rẹ̀, ó wà á lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ tí wọ́n ń lọ ló gbé fíríìjì wá bá mi, tó sì sọ gbogbo èyí. Jíìpù aláwọ̀ ewé dúró lójú títì, ilé onítáyà ní ìdí rẹ̀. Mo rí Thora lẹ́yìn pátápátá. Báàgì ọwọ́ rẹ̀ jókòó sórí ìjókòó keje, wọ́n ti de bẹ́líìtì mọ́ ọn, nítorí òwú ìhunṣọ ti wúwo nínú rẹ̀ débi pé ọkọ̀ kò gbà pé kì í ṣe ènìyàn.

Lindsay bẹ̀ mí pé kí n má fi ẹja sínú fíríìjì tí òun ń fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó ní kì í fẹ́ òórùn. Ó béèrè ibi tí iná wà, ó so ó mọ́ ọn fúnra rẹ̀, ó sì dúró títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ìdérí.

"Lindsay," Thora pè láti ojú fèrèsé, "ìwọ là ń dúró dè o. Mo ti fẹ́ tọ̀."

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé mi, ó gba ojú ọ̀nà lọ, ó wọ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Fíríìjì ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lindsay kò bojú wẹ̀yìn.