Máṣíìnì Tó Ní Ẹ̀yìn

Ìyá Lẹ́tà ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, ibi tí ó sì ti mú un ni ìgbà tí ọkùnrin kan tí ó ń kọ́ ní gígun alùpùpù yọ ẹsẹ̀ síta lẹ́ẹ̀keje.

"Ẹsẹ̀!" Ó pariwo láti orí àga tí ó gbé sábẹ́ igi. "Eruku, ẹsẹ̀!"

Ọkùnrin náà, tí wọ́n ń pè ní Eruku, gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Bí ó ti ń tẹ alùpùpù náà sí apá òsì kí ó lè yípo, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti fò kúrò níbi tí ó yẹ kí ó wà, ó ti nà gbọọrọ síwájú, bàtà rẹ̀ sì ń ha ilẹ̀ ọlọ́dà. Alùpùpù náà mì tìtì. Ó gbá agolo kan dànù kí ó tó lè dúró.

"Ìgbà mélòó nìyẹn, Màmá?" ó béèrè bí ó ti ń ṣí akoto kúrò lórí.

"Méje. Ká ní ẹyin ni mò ń kà, à bá ti dín in."

"Ẹ má bínú, mà. Èmi kọ́ ni mò ń yọ ọ́. Òun ló ń yọ ara rẹ̀."

"Ẹ̀ẹ́n! Ẹsẹ̀ ta ni? Ṣé mo gbé e wá láti ilé mi ni?"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìyá yìí fi gun alùpùpù pín lẹ́tà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ṣubú, ó sì di ẹ̀bi náà ru ajá kan títí di òní. Àgbàlá tí ó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ ni ó ti ń kọ́ ọkùnrin náà. Wọ́n ti kó iṣẹ́ kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà ilẹ̀ rẹ̀ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ. Agolo òfìfo mẹ́wàá ni ó tò síbẹ̀ ní òbìrípo, wọ́n sì ti ń yí i po láti ọjọ́ Ajé.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni Eruku. Fún ọgbọ̀n ọdún, inú igbó, orí òkè àti ìsàlẹ̀ odò gbígbẹ ni alùpùpù rẹ̀ ń gbé e gbà, nítorí ilẹ̀ tí kò tíì ní ọ̀nà ni wọ́n máa ń pè é láti wá wọ̀n. Bí ó bá sì di Sátidé, tí ó yẹ kí ó sinmi, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gegele yóò tún padà sínú igbó kan náà láti máa fò lórí òkìtì fún ìgbádùn. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ ní Eruku, nígbà tí ó wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun báláú, tí eruku igbó sì mú kí etí rẹ̀ méjèèjì pupa bí amọ̀.

Nínú igbó, ẹsẹ̀ ni ìyè. Bí táyà bá yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ tí o bá nà síta ni yóò gbé ọ ró. Kò sí ẹni tí ń rò ó kí ó tó ṣe é. Ara ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà, lórí alùpùpù tí ó wúwo tó màlúù, ẹsẹ̀ tí ó bá yọ nínú ìyípo, kíkán ló máa kán.

Orúnkún ọ̀tún ni ó mú un kúrò nínú igbó. Dókítà wo fọ́tò egungun náà títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúnkún yìí ti fò tó. Ẹ jẹ́ kó jókòó." Eruku ronú fún oṣù méjì, ó sì ra alùpùpù tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà jíjìn: ó gbòòrò, ó ní gíláàsì níwájú tí ń gé afẹ́fẹ́, ó ní àpótí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìjókòó rẹ̀ sì gba ẹni méjì.

Ìjókòó ẹlẹ́ni méjì yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bí ń gbé ní ìlú tí ó jìnnà tó ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Bàbá ti gun alùpùpù igbó lọ síbẹ̀ lóun nìkan. Ìyá ti wọ bọ́ọ̀sì lọ lóun nìkan. Ọmọ náà pè wọ́n lórí fóònù, ó ní, "Àwọn aládùúgbò mi rò pé ẹ ti kọ ara yín sílẹ̀. Ẹ ò lè jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni?" Bàbá ní àwọn yóò jọ wá ní Sátidé. Ó ti sọ ọ́ kí ó tó bi ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí ó délé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà, ìyàwó rẹ̀ wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ, téèpù tí ó fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀. Mélòó lónìí?"

"Méje."

"Mẹ́fà ni ti àná."

"Mo mọ̀."

"Ó ń gòkè bí ọjọ́ orí." Ó gé òwú pẹ̀lú eyín. "Bàbá ọmọ mi, mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Sátidé, agogo méje àárọ̀."

Eruku jókòó díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún. "Ẹyọ kan?"

"Ẹyọ kan. Ẹ̀yin lẹ sọ pé òòyì máa ń kọ́ yín nínú bọ́ọ̀sì."

Ìyàwó rẹ̀ yí àga rẹ̀, ó kọjú sí i.

"Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ ló ń gbàdúrà pé kí ẹ̀yìn wa dára. Mo ń ṣe àmín títí ohùn mi fi há. N ò mọ̀ pé máṣíìnì ọkùnrin tí mò ń fẹ́ ò ní ẹ̀yìn rárá! Ìjókòó tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀bẹ. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ariwo rẹ̀ ni mò ń gbọ́ bó bá ń lọ."

"Èyí ní ẹ̀yìn," ni ọkọ rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Mo ti rí i. Ó tiẹ̀ fẹ̀. Àmọ́ mo tún ti rí ẹsẹ̀ yín." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ṣeré. "Mò ń bọ̀ ní àgbàlá yẹn lọ́la. Bí ẹ bá yí àwọn agolo náà po tí ẹsẹ̀ ò yọ, mo máa jókòó lẹ́yìn yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jẹ́ ká ta á, kí n bá bọ́ọ̀sì mi lọ. N ò lè wà lẹ́yìn ẹni tí ara rẹ̀ ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu."

Àárọ̀ Jímọ̀ọ̀ ni Gegele wá gba alùpùpù àtijọ́ náà, nítorí òun ni Eruku ti ṣèlérí rẹ̀ fún. Ó yí èyí tuntun po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń mi orí.

"Àga ìrọ̀gbọ̀kú yìí náà lo fẹ́ máa gùn? Ó ku kí wọ́n gbé ife tíì síwájú ẹ."

"Ẹni méjì ló máa mu tíì yẹn," ni Eruku dáhùn.

"Ẹ̀ẹ́n, ẹsẹ̀ ẹ ńkọ́? Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́."

"Ṣé Ìyá Lẹ́tà ti pín in kiri ni?"

"Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn kẹ̀!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Eruku fi di orúnkún rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà Gegele rẹ ohùn sílẹ̀. "Bó bá di Sátidé tó ò bá lè lọ, wá bá mi. Òkè ò sá lọ."

Eruku fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìjókòó tẹ́ẹ́rẹ́ náà bí ẹni ń nu ẹ̀yìn ẹṣin, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí ariwo náà ti yí kọ́nà, ó ṣì dúró síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó láti ojú fèrèsé.

"Ó dùn yín?"

"Díẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó dùn yín. Ohun tó dára ló ń dunni bí a bá fi í sílẹ̀."

Ní ọ̀sán, ìyàwó Eruku ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó rìn dé àgbàlá náà pẹ̀lú téèpù lọ́rùn àti ẹfun ìfàlà nínú àpò. Ìyá Lẹ́tà fún un láyè lórí àga. Eruku yípo lẹ́ẹ̀kan: ẹsẹ̀ yọ. Ó yípo lẹ́ẹ̀kejì: ẹsẹ̀ yọ, agolo méjì sì lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ dé àárín kí ó tó dúró fúnra rẹ̀, ó sì fi orí lé gíláàsì iwájú náà.

"Mà," ni ìyàwó rẹ̀ bi Ìyá Lẹ́tà, "kí ló ń wò bó bá ń yípo?"

"Agolo ni. Nínú igbó, òkúta tó wà níwájú táyà ni wọ́n máa ń wò. Ojú tó bá ń wo ìtòsí, ẹ̀rù á bà á. Ẹ̀rù ni ẹsẹ̀ yẹn ń gbọ́ tiẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni kó wò, mo ti sọ ọ́ títí ẹnu ń ro mí!"

Obìnrin náà dìde. Ó rìn lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́. Ẹ̀yin ń gun máṣíìnì, èmi náà ń gun máṣíìnì. Tèmi ò kàn ní táyà ni. Bí mo bá ń rán ọrùn aṣọ, ibi tó yípo yẹn, n kì í wo abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ń wo abẹ́rẹ́, ìlà rẹ̀ á wọ́. Ibi tí ìlà ń lọ ni mo máa ń wò, ọwọ́ á mú aṣọ débẹ̀."

Eruku gbé orí sókè. "O kì í wo abẹ́rẹ́?"

"Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n!"

"N ò mọ̀ rí."

"Sátidé ni mo máa ń rán ọrùn aṣọ, nígbà tí ẹ bá wà nínú igbó," ó dáhùn.

Ó mú ẹfun jáde, ó lọ sí òdìkejì àwọn agolo náà, níbi tí ìyípo ti ń parí, ó fa ìlà kúkúrú kan sílẹ̀, ó sì dúró lé e lórí. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Ẹ gbàgbé agolo. Èmi ni kí ẹ máa wò!"

Ìyá Lẹ́tà ní òun kò lè mí. Eruku tan alùpùpù náà, ó ń bọ̀. Bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́ sí apá òsì, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìyàwó rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀, alùpùpù náà sì ń tẹ̀ lé ọrùn. Ẹsẹ̀ òsì gbọ̀n. Gìgísẹ̀ gbéra. Ó tún padà sílẹ̀, ó jókòó. Gbogbo agolo mẹ́wàá dúró síbi tí wọ́n wà. Ó dúró sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ìlà ẹfun náà.

"Yéè!" ni Ìyá Lẹ́tà kígbe. "Lẹ́tà ti dé!"

Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin sí òsì, lẹ́ẹ̀mẹrin sí ọ̀tún. Ẹsẹ̀ kò yọ. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dúró, ó bojú wo ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé.

"Bí o bá wá jókòó lẹ́yìn, ta ni mo máa wò?"

Obìnrin náà ti wí pé bí ẹsẹ̀ kò bá yọ òun yóò gùn ún, ẹsẹ̀ kò sì yọ. Àmọ́ ìbéèrè náà jẹ́ òótọ́. Ó yọ akoto kejì nínú àpótí, ó dé e, ó di okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n.

"Ọ̀nà ni kí ẹ máa wò," ó ní. "Ẹ ò ní láti wò mí mọ́. Mo wà lẹ́yìn yín."

Ó fi ọwọ́ kan èjìká ọkọ rẹ̀, ó gùn ún, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n rọra yípo. Ní ìyípo àkọ́kọ́, ó rí i tí itan ọkọ rẹ̀ fẹ́ gbéra. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ó bá ń tẹ́ aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́: kò fà á, kò tì í. Itan náà rọlẹ̀. Ní ìyípo kejì àti ìkẹta, kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ní láti ṣe, ṣùgbọ́n kò gbé e kúrò.

Nígbà tí wọ́n délé, ó ká tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì náà sí mẹ́rin, ó sì fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ tí ó ti ń mì láti ọjọ́ pípẹ́. Ó tì í wò. Kò mì mọ́.

"Ẹsẹ̀ kejì nìyẹn tí a wò sàn lónìí," ni ó wí. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná.

Ìyá Lẹ́tà wá sìn wọ́n ní àárọ̀ Sátidé. Wọ́n ti kó ẹrù sínú àpótí méjèèjì: tọkọ lọ́tùn-ún, taya lósì. Ọmọ wọn wà lórí fóònù, ó ń béèrè pé, "Ẹ jọ ń bọ̀ lóòótọ́? Ẹ̀yin méjèèjì?"

"Lọ pe àwọn aládùúgbò ẹ síta," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

"Ẹ ṣeun, Màmá," ni Eruku wí láti inú akoto rẹ̀.

"Máa lọ. Kẹ́yìn yín ó dára o."

"Àmín!" Obìnrin náà ṣe àmín ọ̀hún kíkan, ó tún ara rẹ̀ jókòó lórí ìjókòó náà, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ìyá Lẹ́tà dúró sójú títì, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń retí kí wọ́n juwọ́ sí òun. Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti yí sí apá òsì. Akoto méjèèjì jọ yí sí ibi tí ọ̀nà ń lọ, alùpùpù náà tẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ààyè wọn. Ìyá náà ní ọwọ́ òun ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n wọ kọ́nà náà tán, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ó wẹ̀yìn.