Ilé Tí Wọ́n Ti Bú Ìyá Wa

Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìbẹ̀ṣè kò gùn, àfi fún ẹni tó bá jókòó ti ẹni tó ń bínú sí. Lateefat ń wa ọkọ̀. Bísíríyù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di tẹ̀sùbáà mú bí ẹni di ìjánu ẹṣin mú. Ẹ̀yìn wọn ni ìyá wọn, Ṣẹ̀rífátù, wà. Wọ́n ti fi bẹ́líìtì dè é mọ́ ìjókòó, àga onítáyà rẹ̀ sì wà nínú bùútù. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ti ìyá nìkan ni kì í ṣe ti ìbínú.

Ṣẹ̀rífátù ta ẹja ní Èbúté Ìkòròdú títí irun rẹ̀ fi funfun. Ẹni tó bá dá iye yẹ̀yẹ́ lé ẹja rẹ̀ kì í lọ lásán. Onítọ̀hún á ti dé àárín ọ̀sà kí ó tó yé e pé èébú tí òun gbà náà kan bàbá òun. Ní ọdún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú un ní apá òsì. Dókítà ní ahọ́n rẹ̀ kò kú, pé bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò sọ ọ́. Kò fẹ́. Láti ìgbà náà, ojú lásán ló fi ń wo ènìyàn. Lateefat gbé e wá sílé rẹ̀ ní ẹ̀sítéètì, ó ń yọ egungun ẹja fún un, ó ń nu ẹnu rẹ̀, ó ń sọ pé "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi" títí ọ̀rọ̀ náà fi dà bí ọ̀dà ara ògiri. Síbẹ̀, rírù ni ìyá ń rù. Ẹ̀kọ ṣíbí mélòó kan ló kù tó ń gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá.

Obìnrin tí wọ́n gbà láti máa ṣọ́ ọ ti lọ. Ìsinmi tí Lateefat gbà níbi iṣẹ́ ti tán, ọjọ́ Ajé ni ó sì gbọdọ̀ padà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Bí wọn kò bá rí ibi tí ìyá lè wà ṣáájú ọjọ́ náà, inú yàrá ni yóò máa ti ìyá mọ́, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ìyá kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Bísíríyù ló dí ọ̀nà. Òun ni àkọ́bí. Bí kò bá fọwọ́ sí i, àwọn àgbà ẹbí yóò lọ gbé Ṣẹ̀rífátù padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ti sọ ọ́ lórí fóònù pé wọn yóò máa fi òun sọ̀rọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, pé ọmọ Ṣẹ̀rífátù gbé ìyá rẹ̀ jù sí ilé arúgbó. Kí ó lè rí àbùkù ibikíbi tí wọ́n bá dé ló ṣe tẹ̀lé wọn.

"Bí ẹ bá fẹ́ kí Màámi wà nílé, Bọ̀dá," ni Lateefat sọ nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́ láti dákẹ́, "ilé yín náà ní yàrá."

"Obìnrin ló ń tọ́jú obìnrin."

"Obìnrin wà nílé yín."

Bísíríyù fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́mọ kan.

Ní ilé arúgbó ti Ìbẹ̀ṣè, ọ̀gá ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fìyìnfólúwa, fi kóòtù rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Bísíríyù lórí táìsì. Àlàájì ló ń pè é láìjẹ́ pé ó ti dé Mẹ́kà rí. Wọ́n fa àga fún un lábẹ́ fáànù, wọ́n gbé omi tútù àti mínírà síwájú rẹ̀. Ẹni tó wá wá àbùkù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́. Fìyìnfólúwa bi í léèrè oúnjẹ tí ìyá ń jẹ, ó bi Lateefat bóyá ìyá ń sùn dáadáa, ó wá fọwọ́ pa ìyá lórí bí wọ́n ti ń pa ọmọdé lórí, ó ní Màmá àwọn rẹwà. Ìyá ń wo ògiri.

Iṣẹ́ Lateefat ní ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni láti máa yẹ ọkọ̀ tó forí gbárí wò. Ó mọ̀ pé ibi tí ọ̀dà bá ti ń dán jù ni kí ènìyàn ti kan ìka mọ́. Ó dìde, ó ń rìn káàkiri. Àwọn arúgbó jókòó ní ìlà kan níwájú tẹlifíṣàn, a wẹ̀ wọ́n dáadáa, a fi òróró pa wọ́n lára, kò sì sí ẹni tó ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Ó yí sílípáàsì kan padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí ìgbà tí ó jáde láti ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n to búùtà àlùwàlá sórí ìlà fún àwọn Mùsùlùmí inú ilé. Ìwé pélébé tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí ṣì lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ó ki ìka bọ inú ọ̀kan. Eruku ló bá níbẹ̀.

Ó ní òun fẹ́ rí ilé ìdáná. Fìyìnfólúwa rẹ́rìn-ín, ó ní ilé ìdáná kò ṣeé rí lónìí.

Bí wọ́n ti padà sínú ọkọ̀, Bísíríyù ní òun ti rí ibi tó mọ iyì ènìyàn. Ó ní bí ojú bá fẹ́ ti òun, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni kí ó ti ti òun.

"Iyì yín ni wọ́n mọ̀," ni Lateefat wí. "Láti ìgbà tí a ti wọlé títí a fi jáde, wọn ò kí ìyá wa."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní bí kò bá jẹ́ ibẹ̀ yẹn, ó di ilé, kí ó yí ọkọ̀ padà. Lateefat yí i padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé oríta, kò yà sí ọ̀nà ilé. Bísíríyù ń fi fóònù rẹ̀ gba ìkíni, wọ́n sì ti kọjá Agbówá kí ó tó gbójú sókè, kí ó tó yé e pé Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń lọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ láti ibẹ̀ lọ kò ṣeé tún sọ níwájú ìyá, ṣùgbọ́n níwájú ìyá gan-an ló ti sọ ọ́. Ó ní obìnrin tí kò gbọ́ràn sí ẹ̀gbọ́n lẹ́nu, kò lè gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu, abájọ tí Lateefat fi ń dá gbé. Lateefat tẹ iná mọ́lẹ̀.

Ilé arúgbó ti Ẹ̀pẹ́, èyí tí Lateefat ti pè lórí fóònù, kò jọ nǹkankan. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, wọ́n sì fi wáyà so géètì rẹ̀. Obìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún jáde wá, ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ ọn lápá. Nọ́ọ̀sì Ìbíjọkẹ́ ni, òun ló ni ilé náà. Ó ní kí wọ́n dúró níta, àwọn àgbà ń jẹun lọ́wọ́.

Bísíríyù sọ ẹni tí òun jẹ́ fún un. Ó tún sọ ìdílé wọn.

"Mo gbọ́," ni obìnrin náà wí. "Àlejò kì í wọlé nígbà tí onílé bá ń jẹun." Ó sì padà wọlé.

Wọ́n gbé ìyá sórí àga onítáyà rẹ̀, wọ́n dúró lóòrùn. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn bùbá Bísíríyù kọjá, ó ń sọ pé òun ti rí ìwọ̀sí tó òun lónìí. Nígbà tí géètì ṣí, Nọ́ọ̀sì Ìbíjọkẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwò ó. Abọ́ ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú àga onítáyà títí ojú rẹ̀ fi bá ojú ìyá dọ́gba.

"Ọmọ yín sọ fún mi lórí fóònù pé ẹja lẹ̀ ń tà," ni ó wí. "Ọ̀bọ̀kún Ẹ̀pẹ́ rèé, àárọ̀ yìí ni mo rà á. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, iyanrìn lẹ mọ̀ ọ́n tà."

Bísíríyù la ẹnu. Ohùn kan ṣáájú tirẹ̀, ohùn tó ń ké bí ìlẹ̀kùn tí wọn kò tíì ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Gbé e súnmọ́ mi."

Lateefat di géètì mú. Ṣẹ̀rífátù na ọwọ́ ọ̀tún, ó ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà, ó tẹ ojú rẹ̀, ó gbé ìka sí imú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń falẹ̀, ó ń wọ́ ní apá kan, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí wọn kò gbọ́ nínú rẹ̀.

"Àárọ̀ yìí. Ẹja yìí ti kú kí wọ́n tó bí ìyá ẹ. Wọ́n rí i pé o ò mọ ojú ẹja, wọ́n ta òkú fún ẹ."

"Ojú yín ló ti ṣú, Ìyá. Iyanrìn èbúté yín ti wọ̀ ọ́."

"Ta lo ń pè ní oníyanrìn, ìwọ ẹlẹ́nu bí ọkọ̀ tó ń jò?"

Bàbá arúgbó kan tí kò ní eyín mọ́ yọjú láti ibi tí wọ́n ti ń jẹun, ó ní kí Nọ́ọ̀sì rọra, ọ̀gá rẹ̀ ti dé. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tí kò lè dìde kò lè jẹ́ ọ̀gá òun. Ṣẹ̀rífátù ní ẹnu lòun fi ń na irú rẹ̀, ẹsẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Bísíríyù gbá ẹ̀yìn àga mú, ó fẹ́ yí i padà. "A ò ní fi ìyá wa sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bú u."

Ìyá lù ú lọ́wọ́. "Fi í sílẹ̀. Èmi àti obìnrin yìí ò tíì parí."

"Màámi, wọ́n ń bú yín."

"Ó ń bá mi jà. Ta ló ti bá mi jà látìgbà tí mo ti ṣubú?" Ó yí ojú sí Lateefat. Lateefat ti ń bọ̀ pẹ̀lú áńkáṣíìfù láti nu itọ́ tó dà sí i lágbọ̀n. "Ìwọ náà, dúró níbẹ̀ yẹn. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, láàárọ̀ àti lálẹ́. O ti sin mí tán, o wá ń fún òkú lẹ́kọ."

Lateefat dúró. Ohun tí ó ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti ọdún tó kọjá ló rí gbà yìí, ó sì gún un débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Ó wọ inú ilé lọ kí wọ́n má baà rí ojú náà, ó sì yẹ ibẹ̀ wò bí ó ti yẹ ti Ìbẹ̀ṣè. Òórùn ìtọ̀ wà lẹ́bàá ògiri. Yàrá há. Búùtà kan ti tẹ̀ lẹ́nu, omi sì ń kán lára rẹ̀. Ẹrẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo sílípáàsì. Lórí àwo tí wọ́n jẹ kù, egungun ẹja ni, ẹni tó jẹ ẹ́ ló sì yọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ó jáde, Bísíríyù ń ṣàlàyé fún ìyá pé ilé kan wà ní Ìbẹ̀ṣè tó ní fáànù. Ṣẹ̀rífátù ní kí ó lọ máa gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àṣẹ àkọ́bí tán, nítorí ìyá tó bí àkọ́bí ti sọ tirẹ̀. Ó kàn sọ fún Lateefat pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò gbọ́ pé òun ló fọwọ́ sí i.

Lateefat ní, "Kò sẹ́ni tó máa gbà gbọ́, Bọ̀dá."

Ó gbé fúláàsì ẹ̀kọ tó mú wá látilé fún Nọ́ọ̀sì Ìbíjọkẹ́. Obìnrin náà dá a padà sí i lọ́wọ́, ó ní bí ó bá ń bọ̀, kí ó wá jókòó kí ó bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀kọ bọ̀ ni òun yóò lé.

Nínú ọkọ̀, Bísíríyù kò jókòó síwájú mọ́. Ẹ̀yìn ló lọ, ibi tí ìyá jókòó sí, ó sì na ẹsẹ̀. Ṣẹ̀rífátù kò bojú wẹ̀yìn wò wọ́n. Láti ẹ̀yìn géètì, wọ́n ń gbọ́ ọ bí ó ti ń sọ fún Nọ́ọ̀sì pé bí ó ṣe ń ha ìpẹ́ ẹja yẹn, ìyàwó ojú ọ̀nà ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì fèsì. Ìyá tún fèsì, ohùn rẹ̀ sì ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Lateefat, kò tíì kì í bọ ihò. Bísíríyù ní kí ó ṣíná ọkọ̀, òun kò jókòó síbí láti máa gbọ́ èébú.

"Ẹ dákẹ́, Bọ̀dá," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ n gbọ́."