Ẹni Tó Bá Tú Aago Kì Í Dìde

Ogójì ọdún ni ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Aláago fi tún aago ọwọ́ ṣe, òfin kan sì wà tó gbà lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ tí kò fi ṣeré rí: ẹni tó bá tú aago kì í dìde. Síkúrù inú aago ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Atẹ́gùn díẹ̀ báyìí, etí aṣọ báyìí, ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti dàwátì. Nítorí náà, bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n, Aláago á fún ìdí pọ̀, á tẹjú mọ́ awò kékeré tó há mọ́ ojú rẹ̀ ọ̀tún, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ìgbẹ́ tí wọ́n bá ní kó dúró lónìí, kó dúró lọ́la, bó bá yá, wọ́n á pè é kò ní dáhùn. Ó lè lo ọjọ́ márùn-ún kó má yàgbẹ́, á tún máa fi yangàn pé ara òun gba iṣẹ́.

Omi ńkọ́? Omi kì í jẹ́ kéèyàn jókòó, kò mu ún. Oúnjẹ ọ̀sán ńkọ́? Búrẹ́dì ni, kò sì jẹ ẹ́, ó ń gbé e mì ni, bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Gbogbo eyín tí Ọlọ́run tò sí i lẹ́nu, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún. Aránṣọ ni ìyàwó náà, iyàrá iwájú ilé ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni," ó ní. "Súgà yín ló pọ̀ jù. Kóró mẹ́fà nínú ife tíì kan! Bàbá wa, àbí èèrà ni yín ni?"

Bí súgà ṣe kúrò nílé nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ náà dá fún oṣù kan, ó tún dé. Ìgbàkígbà tó bá ti dé, ìyàwó á ní kí ọkọ jẹ́wọ́ ohun dídùn tó jẹ níta, ọkọ á sì jẹ́wọ́ bisikíìtì tí kò jẹ, kí àlàáfíà lè wà. Ẹ má bú obìnrin yẹn o. Ta ni nínú wa tí kò tíì pe ẹ̀jẹ̀ ìdí ní jẹ̀díjẹ̀dí rí? Bí ìyá rẹ̀ ṣe pè é nìyẹn, bí ìyá ìyá rẹ̀ náà ṣe pè é nìyẹn. Ṣùgbọ́n àìtètè mólè, olè ń mólóko. Odidi ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni wọ́n fi ń bá súgà jà.

Nígbà tí Aláago bẹ̀rẹ̀ sí í rù ni wọ́n tó lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀, dókítà sì pe Aláago nìkan wọlé.

"Bàbá, àrùn jẹjẹrẹ ni. Inú ìfun ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ti dé ẹ̀dọ̀. Ká ní ẹ wá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni, à bá gé e kúrò."

Aláago jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ikú bà á lẹ́rù, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bà á lẹ́rù ju ikú lọ ni ọdún mẹ́ta tí dókítà dárúkọ yẹn, kó má lọ dé etí obìnrin tó jókòó sóde.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má sọ ọ́ fún ìyàwó mi."

Lóde, nọ́ọ̀sì kan ti ń kọ́ àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìfun, omi mímu, ẹ̀fọ́, ìrìn àti jíjẹ oúnjẹ lẹ́nu dáadáa, ìyàwó Aláago sì ti há gbogbo rẹ̀ sórí.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ìfun mi ò dáa tó. Kí n máa tọ́jú ẹ̀."

"Mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó di ọkọ rẹ̀ lápá mú lójú gbogbo èèyàn. "Ẹ sáà fọkàn balẹ̀. Kò sóhun tó le tí kì í rọ̀."

Láti ọjọ́ náà, Aláago kì í tíì sọ pé ẹ káàárọ̀ tí ife omi á ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀fọ́ láàárọ̀, ẹ̀wà lọ́sàn-án, ọsàn tòun ti háhá rẹ̀. Wọ́n á rìn dé ìparí òpópónà, wọ́n á rìn padà. Bó bá ń jẹun, ìyàwó á máa ka bó ṣe ń jẹ ẹ́ lẹ́nu: "Ẹ ò tíì dé ogún, ẹ ti fẹ́ gbé e mì!" Ó tún wá ń yọjú sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ dìde, Bàbá wa. Ẹ lọ jókòó sílé ìgbẹ́, kódà bí kò bá gbọ̀n yín. Aago ò ní kú."

Òfin ogójì ọdún wọmi. Aláago á da abọ́ bo aago tó tú sílẹ̀, á dìde. Kò sí èyí tí obìnrin yìí ń ṣe tí kò dáa. Ká ní wọ́n ti ń ṣe é láti ogún ọdún sẹ́yìn ni, bóyá ìtàn mìíràn là bá máa sọ. Nísinsìnyí, ẹ̀pa ò bóró mọ́, Aláago sì mọ̀. Gbogbo òkèlè ló ń dùn ún wọlé. Ó ń jẹ ẹ́ dé ọgbọ̀n, ó ń gbé e mì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di oṣù kejì, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

"Ẹ ò rí i!" ìyàwó rẹ̀ ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. "Oúnjẹ ti ń bá a lára mu." Aláago mọ̀ pé omi ni. Dókítà ti sọ fún un pé omi á kún inú ikùn náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, sòkòtò kò lè dé ìbàdí rẹ̀ mọ́. Ìyàwó fi ẹ̀rín pè é sí iyàrá iwájú, ó mú tépù, ó wọn ìbàdí. Íǹṣì márùn-ún ló fi lé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé.

"Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n kúkú wọn gbogbo ẹ̀, kí n rán tuntun fún yín."

Ó kúnlẹ̀, ó wọn itan. Ó tú tépù, ó tún un wọ̀n. Ó ṣí ìwé padà sẹ́yìn, síbi tó kọ ìwọ̀n ọkọ rẹ̀ ti èṣí sí, ó sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Tépù kì í purọ́ fún ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ránṣọ. Ẹni tó ń sanra kì í sanra níkùn nìkan, kí itan rẹ̀ wá dà bí ti ọmọdé.

"Kí ni dókítà sọ?"

"Mo ti sọ fún ẹ."

"Bàbá wa."

Ó rẹ Aláago. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tipẹ́. "Jẹjẹrẹ ni. Ó ti dé ẹ̀dọ̀."

Obìnrin náà ò dìde. Tépù ṣì wà ní itan ọkọ rẹ̀. "Ká ní a lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Oṣù méjì gbáko ni Aláago ti fi ń kọ́ ìdáhùn yìí níwájú dígí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: kò ní yàtọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ ìránṣọ, ó wo ilẹ̀kùn.

"Kò ní yàtọ̀," ó ní. Ìdáhùn náà ti pẹ́ jù kó tó jáde, obìnrin náà ti mọ̀.

"Èmi ni," ìyàwó rẹ̀ wí. "Èmi ni mo sọ pé súgà ni." Ó forí balẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Ìyá wọn, kì í ṣe ìwọ. Dìde."

Kò dìde. Aláago fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó fà á sókè, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ò jẹ́ kó lè tẹ̀.