Okùn Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọkọ̀

"Bà á jẹ́," ni Assana wí. "Ìwọ lo mọ ibi tí o máa fọwọ́ kàn. Ṣáà bà á jẹ́, kó má lè lọ."

Rahimatou yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà gáráàjì, ó ń fi ìbòrí nu ojú. Ọ̀sán ni, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá lójú títì Manigri, eruku wọn ń wọlé.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ jókòó."

"Mi ò wá jókòó."

Lọ́la ni Yacoubou, ọkọ Rahimatou, fẹ́ lọ fi ọkọ̀ náà díje ní Bassila, lórí pápá eléruku tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń sáré yípo lẹ́yìn ìkórè kajú. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ náà dojú dé ní kọ́nà, apá Yacoubou sì kán. Kò sẹ́ni tó kọ ebè sí oko iṣu wọn lọ́dún náà. Rahimatou ni mẹkáníìkì ilé. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́.

"Tí mo bá da ẹsẹ̀ ọkọ̀ rú, Ìyá, kò ní jókòó sílé. Yóò wà á bẹ́ẹ̀. Bó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ọkọ̀ á máa fà á sósì."

"Fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pamọ́ nígbà náà."

"Yóò yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ò sí lábẹ́ ọwọ́ mi."

Assana béèrè pé, "Tí o bá tún un ṣe dáadáa, ṣé kò ní dojú dé mọ́?"

Ó wu Rahimatou kó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Mi ò lè búra. Lọ́jọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sókè jù nítorí òkúta. Ọkọ̀ tó bá ga jù kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní kọ́nà. Màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, màá sì mú ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́. Ohun tí mo lè ṣe nìyẹn."

Assana wọlé. "Kí ni mo máa bá ọ dì mú?"

Rahimatou fi kíríkì gbé ọkọ̀ sókè, ó yí ibi tí sípíríǹgì jókòó lé wá sísàlẹ̀, ó sì gbé ọkọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó so orí kan mọ́ irin lẹ́yìn ọkọ̀, ó fi ìkejì lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ níwájú.

"Ẹ má jẹ́ kó mì."

Assana bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á le. Rahimatou ń wọn àyè tó wà láàárín okùn àti ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó ń yí nọ́ọ̀tì, ó tún ń wọ̀n ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni Yacoubou bá wọn. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo ọkọ̀, ó sì mú sípánà.

"Ìyá Húsnà," ó fi orúkọ ọmọ wọn pe ìyàwó rẹ̀, "o ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Òkúta á máa lu ikùn rẹ̀."

"Kó máa lù ú. Bó ṣe wà yìí ló máa wà."

"Èmi ni mo máa wà á."

"Èmi ni mò ń tún un ṣe. Tó o bá yí i padà, wá mẹkáníìkì míì."

Yacoubou yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyá, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́." Assana ò gbójú sókè. "Kúrò níbẹ̀, o dí ìmọ́lẹ̀."

Yacoubou fi sípánà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó jáde.

Nígbà tí wọ́n parí, Assana na ẹ̀yìn, ó nu ọwọ́ sí ìró. Látìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ eré náà, kò lọ wò ó rí.

"Ìgbà wo lẹ máa kúrò nílé lọ́la?"

"Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Ìyá."

"Ẹ dúró dè mí."